Wọ́n ní oògùn pa jẹjẹrẹ ajá ní láàbù: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Irú ìròyìn yìí kì í pẹ́ tàn. Ẹnìkan á fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò pé wọ́n ti dán ewé kan wò ní láàbù yunifásítì, ó sì pa jẹjẹrẹ ajá ní ìdá 90 nínú 100. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ń sin ajá láti Lágéré dé Mọ́dákẹ́kẹ́ á ti máa wá ewé ọ̀hún lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ. Wọ́n á sè é, wọ́n á rọ ọ́ sí ajá lẹ́nu. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ tìtorí rẹ̀ dá abẹ́rẹ́ tí dókítà ẹranko ti bẹ̀rẹ̀ dúró.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìròyìn náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí olùwádìí rí ló kọ. Ṣùgbọ́n inú àwo ike ló ti rí i, kì í ṣe lára ajá, ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì sì jìn ju Ifẹ̀ sí Kánò lọ. Ẹ jẹ́ ká rìn ín díẹ̀díẹ̀.

Kí là ń pè ní jẹjẹrẹ lára ajá?

Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi mọ ara ajá, bíi ti ènìyàn. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì nígbà tí ara bá fẹ́ òmíràn, ó sì ń kú nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni èyí tí kò gbọ́ràn sí ara lẹ́nu mọ́. Ó ń bí, kò kú, ó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ tẹ̀dó sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó ń wú kókó abẹ́ àgbọ̀n àti ti ẹ̀yìn orúnkún ni lymphoma. Èyí tó ń jẹ eegun ẹsẹ̀ àwọn ajá ńláńlá bíi Rottweiler ni osteosarcoma. Òmíràn ń yọ ní awọ ara, òmíràn nínú ọmú abo ajá.

Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ajá tó ń rìn ìgboro kiri ni TVT, tí wọ́n ń kó nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn, tàbí tí wọ́n bá ń gbóòórùn ojú ara ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń lá a. Ẹ̀jẹ̀ á máa kán lójú ara ajá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, olówó rẹ̀ á rò pé àsìkò tí abo ajá ń wá akọ ló dé. Tí wọ́n bá wá ṣí ibẹ̀ wò, wọ́n á rí ẹran rírọ̀ tó pupa, tó rí ṣágiṣàgi bí ogbe àkùkọ. Ohun tó yani lẹ́nu nípa TVT ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń ran ajá, kì í ṣe kòkòrò kankan. Ajá kan ṣoṣo tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni gbogbo TVT ayé ti ṣẹ̀ wá. Sẹ́ẹ̀lì ajá tó dá ṣáká ní kúrómósóòmù (okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá) 78. Ti TVT sábà máa ń wà láàárín 57 sí 64.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ní oògùn kan pa “jẹjẹrẹ ajá”, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú wọn. Oògùn tó ń ká TVT lápá lè má ṣe nǹkan kan fún jẹjẹrẹ eegun.

Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń dán oògùn wò lára rẹ̀, níbo ló ti wá?

Wọn kì í so ajá aláìsàn mọ́ tábìlì. Nígbà tí dókítà bá gé kókó lára ajá kan, olùwádìí lè tọrọ ẹran tó tó èékánná, kó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kó sì máa fún un lóúnjẹ nínú ìgò. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á kú. Ìwọ̀nba tí kò bá kú, tó ń bí lọ láìdáwọ́ dúró, á di ìran tí láàbù kan ń fún òmíràn, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń fún ara wọn ní igi ẹ̀gẹ́ gbìn. Ọ̀kan nínú wọn ni D-17, láti ara ajá tó ní jẹjẹrẹ eegun. Ajá náà ti kú tipẹ́. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń bí. MDCK tún wà, tí Madin àti Darby mú láti inú kíndìnrín ajá cocker spaniel kan lọ́dún 1958. Kíndìnrín tó dá ṣáká ni tiẹ̀, a óò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Inú náítírójìn olómi ni wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí sí, ní −196°C. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, ìṣẹ́jú 1 sí 2 péré ni wọ́n fi ń yọ́ ọ nínú omi 37°C. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí DMSO, èròjà olómi kan tí wọ́n pò mọ́ ọn kí yìnyín má baà gún un, á di májèlé fún un tí ó bá ti móoru. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ìnkúbétọ̀. Àwọn ọlọ́sìn adìyẹ mọ irú rẹ̀, àmọ́ tibí yìí ń pèsè afẹ́fẹ́ carbon dioxide ìdá 5 nínú 100 mọ́ ooru 37°C.

Oúnjẹ wọn jẹ́ omi aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bíi sóbò tí wọ́n bu omi là, tí wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù ìdá 10 nínú 100 sí. Àwọ̀ yẹn ló ń sọ ìròyìn fún ẹni tó ń tọ́jú wọn. Tó bá ń yí padà sí òfeefèé díẹ̀díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ jù nínú ìgò, ó tó gẹ́ẹ́ láti pín wọn. Tó bá di òfeefèé lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, tó tún ń ṣú bí omi ògì, bakitéríà ti wọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀: wọ́n á da bíliìṣì sí i, wọ́n á sì dà á nù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán oògùn náà wò?

Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò. Ihò 12 ló wà lójú rẹ̀, 6 ní ìhà tiyín, 6 ní ìhà ọ̀tá. Ẹ to ọpọ́n 8 pọ̀, ihò á di 96. Irú àwo tí wọ́n fi ń dán oògùn wò nìyẹn, àfi pé ike tó mọ́ gaara ni, gbogbo rẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ ayò 4 ni ihò kọ̀ọ̀kan máa ń gbà níbẹ̀rẹ̀ eré. Níbí, sẹ́ẹ̀lì bí 5,000 ni wọ́n ń kán sínú ihò kan, nínú omi tí kò ju 0.1 mìlílítà, ìyẹn ẹ̀kán méjì.

Kí wọ́n tó kán an, wọ́n ní láti kà á. Wọ́n á pò díẹ̀ mọ́ aró kan tó ń jẹ́ trypan blue, wọ́n á fi máíkírósíkóòpù wò ó. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú á mu aró, á dúdú bí aṣọ tó jáde nínú ìkòkò aláró. Èyí tó wà láàyè kò ní gbà á wọlé. Tí àwọn alààyè kò bá tó 90 nínú 100, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn parí níbẹ̀, torí aláìlera kì í ṣe ẹni tí a ń dán agbára oògùn wò lára rẹ̀.

Wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò. Oògùn wá dé. Wọn kì í lo ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ṣe ni wọ́n ń dá a sí méjì-méjì lọ sísàlẹ̀: 200, 100, 50, 25, 12.5, títí dé ibi tí kò fi ní lágbára mọ́. Ihò 3 ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń gbà, kí àṣìṣe ọwọ́ ihò kan má baà tan wọ́n.

Ohun tí oníròyìn kì í kọ ni àwọn ihò ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Ihò kan á ní sẹ́ẹ̀lì láìní oògùn. Òmíràn á ní sẹ́ẹ̀lì àti omi tí wọ́n fi yọ́ oògùn náà nìkan, ká lè mọ̀ bóyá omi yẹn ló ń pa wọ́n. Òmíràn á ní oògùn tí ayé ti mọ agbára rẹ̀, bíi doxorubicin. Òmíràn kò sì ní sẹ́ẹ̀lì rárá. Ìwádìí tí kò bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi kò ní fi ewé rẹ̀ se ẹ̀fọ́.

Lẹ́yìn wákàtí 48 tàbí 72, wọ́n á kán lẹ́búlẹ́bú òfeefèé kan tí wọ́n ti yọ́ sínú omi, tó ń jẹ́ MTT. Mosmann ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1983. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ á sọ òfeefèé yẹn di àwọ̀ àlùkò láàárín wákàtí 3 sí 4. Èyí tó ti kú kò ní lè sọ ọ́ di nǹkan kan. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí i tí àlùkò náà ń hù lára sẹ́ẹ̀lì bí abẹ́rẹ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó. Wọ́n á rọra fa omi orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á kán DMSO sí i, abẹ́rẹ́ yẹn á yọ́. Ẹ̀rọ kan á wá tan ìmọ́lẹ̀ 570 nanomítà gba inú ihò kọ̀ọ̀kan, á sì kọ bí àlùkò náà ṣe ki tó.

Ká ní ihò tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kà 0.05, èyí tí kò gba oògùn kà 0.85, èyí tó gba oògùn kà 0.45. Ẹ yọ 0.05 kúrò lára méjì ìkẹyìn: ó ku 0.80 àti 0.40. Ìdajì nìyẹn.

Ìdajì kí ni? Kì í ṣe pé ìdajì sẹ́ẹ̀lì kú o. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló dín kù sí ìdajì. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kú, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn dákú, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò bí mọ́. Kí ìròyìn tó dé orí WhatsApp ni “dín kù” ti di “pa”.

Kí ni IC50 tí wọ́n máa ń kọ?

Ìwọ̀n oògùn tó sọ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì di ìdajì ni. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni oògùn ṣe lágbára tó, èyí sì máa ń da òǹkàwé rú, torí ojú wa ti mọ́ ọn pé ohun tó pọ̀ ló lágbára.

Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ ní µg/ml, ìyẹn máíkírógíráàmù nínú mìlílítà kan. Ẹ mú kóró paracetamol 500 mg kan, ẹ yọ́ ọ sínú kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5: 100 µg/ml nìyẹn. Tó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì lẹ yọ́ kóró kan yẹn sí, ó di 10 µg/ml. (Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ẹ má fún ajá ní paracetamol, ó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.) Oje ewé tí wọn kò tíì yọ ohun kan pàtó nínú rẹ̀, tí IC50 rẹ̀ bá ju 30 µg/ml lọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kì í gbé e kẹ́rù. Ti doxorubicin, lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó 1.

“Ó pa ìdá 90 nínú 100”, láìsí ìwọ̀n, kò sọ nǹkan kan fún yín. Tí wọ́n bá bù ú pọ̀ tó, iyọ̀ ọbẹ̀ náà á pa ìdá 90.

Kí ló máa ń ba àyẹ̀wò náà jẹ́?

Ewé fúnra rẹ̀ ni ọ̀daràn àkọ́kọ́. Àwọn èròjà kan wà nínú ewé, títí kan fítámìn C, tó lè sọ MTT di àlùkò láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan nítòsí. Ẹ̀rọ á kà á pé sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, nígbà tí gbogbo wọn ti kú. Oje tó dúdú kọjá ààlà náà á dí ìmọ́lẹ̀. Olùwádìí tó mọṣẹ́ á fi oje nìkan sínú ihò mélòó kan láìsí sẹ́ẹ̀lì, á yọ ohun tó bá kà kúrò, tàbí kó fọ oje náà dànù kó tó kán MTT.

Etí àwo tún wà. Omi inú àwọn ihò tó wà létí máa ń gbẹ ju ti àárín lọ, oògùn ibẹ̀ á wá ki, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á sì jìyà láìṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rọ omi lásán sí gbogbo etí, tí wọ́n ń lo ihò 60 tó wà láàárín nìkan.

Iná ńkọ́? Àyẹ̀wò wákàtí 72 jẹ́ ọ̀sán mẹ́ta òru mẹ́ta. Tí NEPA bá mú iná lọ lóru tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dìde, ìnkúbétọ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á yí padà, sẹ́ẹ̀lì á sì rẹ̀wẹ̀sì láìjẹ́ pé oògùn fọwọ́ kàn wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, sẹ́ẹ̀lì tí òtútù pa àti èyí tí oògùn pa kò yàtọ̀. Ihò ẹlẹ́rìí ló ń tú àṣírí: tí àwọn tí kò gba oògùn náà bá ti ń kú, ẹ da gbogbo àwo nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó dunni lápò, àmọ́ ohun tó yẹ nìyẹn.

Èyí tó burú jù kì í hàn sójú. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ mycoplasma lè wọ ìgò kó má ṣú omi rẹ̀, kó má yí àwọ̀ rẹ̀ padà kíákíá, kí máíkírósíkóòpù gbogboogbò má sì rí i. Penicillin tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe é ní nǹkan kan, torí ògiri sẹ́ẹ̀lì ni penicillin máa ń wó, mycoplasma kò sì ní ògiri. Á kàn máa bá sẹ́ẹ̀lì jẹun lọ, á máa sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Láàbù tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Ìgò sì lè purọ́ orúkọ. Wọ́n ti rí ìgò sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé ti ènìyàn tàbí ti eku ló wà nínú rẹ̀, torí pípẹ́ẹ̀tì kan (ohun tí wọ́n fi ń fa omi) tí wọ́n fi kan ìgò méjì. Sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí wọ́n mú lára obìnrin ará Amẹ́ríkà kan lọ́dún 1951, ti gba ilé onílé báyìí káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀.

Àti DMSO yẹn, tí wọ́n tún máa ń fi yọ́ oògùn: tó bá ti ju ìdá 0.5 nínú 100 lọ nínú ihò, òun fúnra rẹ̀ ti ń di oògùn.

Kí ló dé tí ohun tó ṣiṣẹ́ nínú àwo ń kùnà lára ajá?

Ẹ kán omi ọṣẹ dúdú sínú àwo yẹn. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú rẹ̀ á kú pátápátá, torí ọ̀rá ló bo sẹ́ẹ̀lì lára, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá. Ìdá 100 nínú 100! Ìyẹn kò sọ ọṣẹ dúdú di oògùn jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ewé ló sì ní èròjà tó jọ ọṣẹ nínú, tí wọ́n ń pè ní saponin. Ẹ gbọn oje wọn pọ̀ mọ́ omi nínú ìgò, ẹ ó rí i tó ń hó. Irú oje bẹ́ẹ̀ kò mọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti ìfun.

Ìdí nìyẹn tí MDCK fi wúlò. Wọ́n á fi oje kan náà sára sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín yìí. Ká ní IC50 lára jẹjẹrẹ jẹ́ 30, tó sì jẹ́ 90 lára kíndìnrín: 90 pín sí 30 jẹ́ 3, oògùn náà ń ṣe ojúsàájú díẹ̀. Tó bá jẹ́ 30 àti 32, ọṣẹ dúdú ni, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò kejì rèé. Ajá tó wọn kílò 20 ní omi tó tó lítà 12 lára. Kí 100 µg/ml tó lè wà nínú gbogbo omi yẹn, mìlígíráàmù 1,200 oje tó ti gbẹ ni yóò wà lára ajá lẹ́ẹ̀kan náà, kó má bá ìgbẹ́ jáde, kó má bá ìtọ̀ jáde, kí ẹ̀dọ̀ má fọwọ́ kàn án, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 72 bíi tinú àwo. Ẹ̀dọ̀ kò ní gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú ohun àjèjì tó bá gba inú ìfun wọlé, kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé e dé ibòmíràn.

Ohun kẹta ni mo rò pé ó ń tan àwọn èèyàn wa jẹ jù. Oje inú ìròyìn kì í ṣe àgbo. Ní láàbù, wọ́n á gbẹ ewé náà lábẹ́ ibòji, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé) fún nǹkan bí ọjọ́ 3, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ fa mẹ́tánọ́ọ̀lù náà kúrò ní ooru tí kò ju 40°C lọ. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń yọ ohun tí omi kò lè yọ. Ẹni tó se ewé kan náà nínú ìkòkò fún wákàtí kan ti ṣe nǹkan mìíràn pátápátá. Ewé kan, ohun méjì.

Edé àti àlùbọ́sà tí wọ́n tún máa ń dárúkọ nínú irú ìròyìn yìí ńkọ́?

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni wọ́n, wọn kò wọ́nwó. Wọ́n ń pa ẹyin edé wẹ́wẹ́ kan nínú omi iyọ̀ fún bí wákàtí 48, wọ́n á kán oje sí i, wọ́n á ka iye tó kú lọ́jọ́ kejì. Ti àlùbọ́sà, wọ́n ń wo bóyá gbòǹgbò rẹ̀ dẹ́kun dídàgbà. Méjèèjì wúlò láti mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ewé yẹn tó ń ṣe ìpalára. Kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, kò sì sí ajá níbẹ̀.

Lẹ́yìn àwo, kí ló kù?

Ó kù púpọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ mú kí sẹ́ẹ̀lì náà ṣù jọ bí ìṣù àkàrà kékeré, dípò kí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, torí kókó gidi ní àárín tí oògùn kì í tètè dé. Ọ̀pọ̀ oògùn ń kùnà níbẹ̀. Eku ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ajá tó ní àìsàn náà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí olówó rẹ̀ lórí ìwé.

Ajá 3 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n tó kéré. Tí ìkankan nínú wọn kò bá jìyà ńlá, ajá 3 mìíràn á gba ìwọ̀n tó ga sí i. Tí ọ̀kan bá jìyà, wọ́n á fi ajá 3 kún un ní ìwọ̀n kan náà. Tí méjì bá jìyà, wọ́n ti kọjá ààlà, wọ́n á padà sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí jẹjẹrẹ, NCI, ti ní ẹ̀ka kan fún irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 2003. Ẹ lè béèrè pé kí ló kan àjọ ènìyàn pẹ̀lú ajá. Ajá ń jẹ nínú oúnjẹ wa, ó ń fa èéfín jẹnẹrétọ̀ wa símú, jẹjẹrẹ eegun rẹ̀ sì jọ ti ọmọ ènìyàn gan-an. Ohun tí wọ́n bá rí kọ́ lára rẹ̀ lè ran ọmọdé lọ́wọ́.

Ọdún 2009 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún jẹjẹrẹ ajá gan-an, toceranib, fún irú kan tó ń yọ ní awọ. Kí ó tó di ọdún yẹn, oògùn ènìyàn ni dókítà ẹranko ń yá lò, wọ́n sì ṣì ń yá a títí di òní. Ní ilẹ̀ wa, NAFDAC ló ń fún oògùn ẹranko náà ní nọ́ńbà.

Ṣé ewé ti di oògùn jẹjẹrẹ ajá rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè wà níwájú ilé yín. Òdòdó kan wà tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó funfun, tó ní ewé márùn-ún lórí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbìn fún ẹwà. Madagascar ló ti wá. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ vincristine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ènìyàn lọ́dún 1963, òun náà sì ni abẹ́rẹ́ TVT ajá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò ewé gbígbẹ ni wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n tó rí gíráàmù 1. Ajá kílò 20 kì í gbà ju 0.5 mg lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wá já òdòdó náà sè fún ajá ń fún un ní àdàlú èròjà tó ju 70 lọ, láìmọ iye ìkankan.

Èkejì ni tigilanol tiglate, láti inú kóró èso igi kan nínú igbó Queensland ní Australia. Ọdún 2020 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọn kì í fún ajá mu. Inú kókó gan-an ni wọ́n ń gún un sí. Kókó náà á dúdú, á jábọ́, á sì fi ojú egbò tó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jinná sílẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé kalẹ̀, kókó pòórá pátápátá lára ajá 75 nínú 100 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan.

Ajá mi ní kókó lára báyìí, kí ni kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Kì í pẹ́: á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, á jẹ́ kó gbẹ, á pa á láró, á fi máíkírósíkóòpù wò ó. TVT rọrùn láti dá mọ̀ lọ́nà yìí. Tó bá ní láti gé ẹran ránṣẹ́, ó lè jẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì ní Ìbàdàn, kó rí i pé formalin inú ìgò ju ẹran náà lọ ní ìlọ́po 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àárín rẹ̀ á jẹrà kó tó dé.

Tó bá jẹ́ TVT ni, vincristine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló ń wo èyí tó pọ̀ jù lọ. Ẹ wo bí dókítà ṣe ń fún un. Á fá irun ẹsẹ̀ iwájú, á ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan ẹ̀jẹ̀, á kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ ṣàn án láti rí i dájú pé inú iṣan ló wà, kó tó ti oògùn. Ẹ̀kán kan tó bá jò síta iṣan á sọ ẹran ẹsẹ̀ yẹn di egbò tó lè jẹ dé eegun. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni gún un sí itan ajá. Á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó fún un. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ 4,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, á sún abẹ́rẹ́ síwájú.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sábà máa ń dẹwọ́, ogbe àkùkọ yẹn á sì máa súnkì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olówó ajá ti ń ṣíwọ́, kókó á tún padà wú. Ẹ gbé e lọ títí dókítà fi máa ní ojú kò rí nǹkan kan mọ́. Fún ọjọ́ 3 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ so ajá mọ́lẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ike tí ẹ bá ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ da omi púpọ̀ sí ibi tó bá tọ̀ sí, kí aboyún má sì débẹ̀.